Ilé Onítáyà

Ẹ sún mọ́bí dáadáa, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dánu dúró, torí ìyá kan tó jẹ́ awakọ̀ ń ti ọmọ ẹ̀ wọnú ọkọ̀. Ọmọ ọ̀hún kì í ṣe ọmọdé o, ó ti ń hu ewú nírùngbọ̀n.

Ọkọ̀ gbọọrọ ni, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní sítóòfù. Ibẹ̀ ni ìyá náà ń gbé látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ẹ̀ ti mú ẹni tó máa rà á wá, onítọ̀hún ń dúró lẹ́nu géètì.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n tà á. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, inú ẹ̀ gbóná bí ààrò, atẹ́gùn ń gba gbogbo ihò wọlé."

"Tèṣí nìyẹn. Mo ti tẹ́ fóòmù àti rọ́ọ̀gì sábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó ń dí ariwo, ó ń dí ooru. Mo gbé àbẹ́là yí ilẹ̀kùn ká, ibi tí iná ẹ̀ bá ti mì, mo fi rọ́bà dí i. Dùbúlẹ̀, kí n tan ẹ́ńjìnnì. Tóo bá fi lè sùn, ọkọ̀ mi ò ṣeé tà mọ́."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa sùn nínú ariwo yẹn? Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti lọ pe oníbàárà mi."

"Bọ́ bàtà ẹ, ọ̀gbẹ́ni. Ilé mi nìyí."

Ìyá yí kọ́kọ́rọ́. Ọmọ tẹ́tí títí, hùnùn-hùnùn bíi ti ológbò tó ń sùn ló gbọ́.

Nígbà tó ta jí, ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ó sáré ṣílẹ̀kùn láti pe oníbàárà ẹ̀, òkun ló bá lẹ́nu ọ̀nà.