Ẹni Tí Ogun Kàn

Nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn ọ̀dọ́ máa lọ sógun tipátipá, òfin tí wọ́n ṣe kò lọ́jú pọ̀. Bí ìyá kan bá bí ọmọkùnrin méjì, ẹ̀gbọ́n á lọ, àbúrò á dúró. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló bí, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún un. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí àwíjàre, ó ń lọ nìyẹn. Ọmọkùnrin méjì ló wà nílé Mummy Sẹ̀gilọlá ní Peckham, nílùú Òyìnbó. Irewọlé ni ẹ̀gbọ́n, Adéolú ni àbúrò.

Irewọlé kò lè pa nǹkan kan. Eku tó wọ kíṣìnnì wọn lọ́jọ́sí, ńṣe ló ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ.

“Mummy, mi ò lè yìnbọn fọ́mọ ọlọ́mọ,” ló wí. “Bí mo bá sì kọ̀, ẹ̀wọ̀n ni.”

“Ọlọ́run á bá wa dá sí i,” ni Mummy wí, ó sì bu ẹran kún abọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣì wà tó lè gbà bọ́. Nígbà tó wà ní kékeré, ó gbọ́ tí àǹtí wọn kan ń bi Mummy lórí fóònù pé, “Ọmọ tí Ọláwùnmí fi sílẹ̀ fún ẹ ńkọ́? Ṣé kì í yọ ẹ́ lẹ́nu?” Ọláwùnmí ni àbúrò Mummy tó ti kú. Irewọlé kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kí ló tún fẹ́ bi? Ṣebí ó lójú. Adéolú ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Adéolú ló ń fọ abọ́. Bí àwo bá bọ́ lọ́wọ́ Irewọlé tó fọ́, Adéolú ni ìgbátí ń bá. Ẹran tó bá tóbi jù, ti Irewọlé ni, Mummy kò sì na Irewọlé rí.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Irewọlé máa lọ forúkọ sílẹ̀, Adéolú bá a lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀.

“Bro, o ò jẹun.”

“Ebi ò pa mí.”

“Bó bá ṣeé ṣe, èmi ni ǹ bá lọ. Swear down, mo búra.”

Àánú rẹ̀ ṣe Irewọlé. Ọmọ yìí ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ò níyàá.

Láàárọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì àwọn ológun ní Kennington. Irewọlé ń wo ojú fèrèsé. Bó bá sọ ọ́, Adéolú ni wọ́n máa mú. Bí kò bá sọ ọ́, òun ló máa gbé ìbọn. Àtisọ ìjàngbọ̀n, àìsọ ìjàngbọ̀n.

Obìnrin tó wà nídìí tábìlì bi í bóyá ó ní ìdí kankan tí kò fi yẹ kó lọ. Adéolú ló bá a gbé báàgì dání.

“Adéolú kì í ṣe ọmọ Mummy,” ni Irewọlé wí. “Èmi nìkan ni wọ́n bí. Ìyá tiẹ̀ ti kú.”

Adéolú rọra gbé báàgì náà sílẹ̀. Ó wo Mummy, ó mirí sí i.

“Òótọ́ ló sọ,” ni Adéolú wí. “Ẹ kọ orúkọ tèmi.”

Obìnrin náà ní òun ò lè gba ti ẹnu àwọn méjèèjì, àfi kí ìyá wọn búra. Ó ti Bíbélì sọ́dọ̀ Mummy. Mummy gbé ọwọ́ lé e.

“Ọláwùnmí, má bínú sí mi,” ni Mummy wí, ó ti ń sunkún, “mo pa á mọ́ títí, ṣùgbọ́n Irewọlé lọmọ tìrẹ, Adéolú nìkan ni mo bí.”