Ìdáhùn Tí Kò Lè Ṣìnà

"Tún un tẹ̀, kí n fojú ara mi rí i," ni obìnrin tó ń yẹ ètò kọ̀ǹpútà wò sọ.

Ọkùnrin tó kọ ètò náà tẹ ìwọ̀n afárá tuntun sínú ẹ̀rọ. Ètò yìí ló ń sọ bí ẹrù tí afárá lè gbé ṣe tó. Nọ́ńbà méjì ló máa ń mú wá, èyí tó kéré àti èyí tó pọ̀, òótọ́ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Èsì yọ: láti orí òfo títí dé àìlópin.

Obìnrin náà pòṣé. "Ìdáhùn wo nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ò sí láàárín ẹ̀ ni?" Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìdánwò tí ẹ fún un ló yege. Kò ṣìṣe rí."

"Òkú pàápàá kì í ṣìwà hù, àbúrò." Ó kọjú sí kọngílá tó kọ́ afárá náà, tó fẹ́ ra ètò ọ̀hún. "Ọ̀gá, ètò yìí ò sọ nǹkan kan fún yín. Bí afárá bá wó ńkọ́?"

"Ohun tí mo ń wá gan-an nìyí," ni kọngílá dáhùn, inú ẹ̀ dùn dẹ́yìn. "Bó bá wó, ta ló máa ní a parọ́?"

Ó rà á lójú ẹsẹ̀, ó bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ mọ́tò.

Obìnrin náà ń wò ó láti ojú fèrèsé. Bí dírẹ́bà ẹ̀ ṣe kọrí sí afárá tuntun, kọngílá figbe ta.

"Yí padà jàre! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"