Àṣẹ Torab Lọ́jọ́ Ìjì

Ìwà ìjẹgàba ló ba ayé Torab Mridha jẹ́. Apẹja ni ní Char Bokul, erékùṣù wa. Ó lágbára, ó sì mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já a ní koro nínú ilé rẹ̀. Jorina ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ilé aládùúgbò láìgbàṣẹ. Bó bá débẹ̀, pàṣán ni ọkọ yóò fi kí i káàbọ̀. Àwọn àgbà bá Torab sọ ọ́ títí, ó ní kí kálukú mójú tó ilé tirẹ̀. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ta àsíá pupa mẹ́ta láti kìlọ̀ ìjì, Torab ń lọ so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu odò. Ó kìlọ̀ fún Jorina pé kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé títí òun yóò fi dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ ti ń ká koríko orí ilé wọn. Kulsum, arúgbó ilé kejì, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Moyna, gbé ọmọ, ká lọ."

"Bàbá Moyna ò tíì dé, Ìyá. Ó máa nà mí pa."

"Ẹni tó bá wà láàyè ni wọ́n ń nà. Dìde."

Jorina gbé Moyna, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó tẹ̀ lé e lọ sí ilé gíga orí òpó tí gbogbo abúlé ń sá sí.

Torab dé, ó bálé lófìfo. Ìjì ń kán igi àgbọn lọ́rùn bí ẹni pa adìẹ, ṣùgbọ́n Torab kò rí ìjì. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó fa igi yọ, ó gun àtẹ̀gùn ilé gíga náà, ó sì na Jorina lójú gbogbo èèyàn títí ẹ̀jẹ̀ fi bò ó lójú. Àwọn ọkùnrin dì í mú, wọ́n gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí i pé ọwọ́ òun kò tó ìyá mọ́, ó já ọmọ gbà, ó sì sá bọ́ síta kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé Jorina yóò tẹ̀ lé òun. Jorina sì tẹ̀ lé e.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí òkun fi dìde bí ògiri. Jorina rọ̀ mọ́ igi kan, ó na ọwọ́ kejì.

"Bàbá Moyna, jọ̀ọ́, gbé e fún mi."

"Ta ló ní kó o jáde nílé?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Páànù kan tí afẹ́fẹ́ ká lórí mọ́sálásí fò wá bí àdá, ó gé ọwọ́ tí Torab fi gbé ọmọ já ní ìgbọ̀nwọ́. Omi gbé ọmọ lọ. Ó gbá Torab náà, ó sọ ọ́ sáàárín ẹ̀gún.

Ní òwúrọ̀, Jorina fúnra rẹ̀ ló rí Moyna nínú oko ìrẹsì, láàárín òkú màlúù. Ó fi ìborí rẹ̀ wé e. Torab kò kú. Wọ́n gbé e wá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ọmọ òun. Jorina ní rárá. Kò gbóhùn sókè, kò sì sẹ́ni tó bá Torab bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Jorina wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè odò. Gbogbo àgbà pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀. Títí dòní, Torab ń gbé nínú ilé tó ku ògiri méjì. Kò lè tukọ̀, kò lè fa àwọ̀n. Ẹni tó bá ṣàánú rẹ̀ a gbé ìrẹsì sẹ́nu ọ̀nà, a sì yára lọ.

Ẹ̀yin olórí ilé, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Nítorí kí ọkọ lè dáàbò bo ilé la ṣe fi í jẹ olórí. Ìyàwó tó gbọ́mọ sá fún ewu kò rúfin ọkọ. Iṣẹ́ tí ọkọ ì bá ṣe ló bá a ṣe. Ẹni tó bá sì dúró ṣe ìbínú níbi tó yẹ kó ti sá àsálà, ohun tí kò ní rí rà padà ni yóò fi san án.