Rédíò Tó Ń Gbàgbé

Ọjọ́ tí tíṣà di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, tó sì ti báàgì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni ìyá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn ra rédíò. Ìparí oṣù ni tíṣà fẹ́ kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Aránṣọ ni ọkọ rẹ̀. Ó ti rí báàgì náà, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìjà wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀kùn tí aránṣọ gbàgbé láti tì, ó gba ọ̀dọ̀ ìyá tíṣà kọjá, kò sì mọ ọ̀nà padà mọ́. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìkòkò wọn di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní àgbàlá pàápàá, aṣọ ọkọ ń gbẹ lórí okùn kan, aṣọ ìyàwó ń gbẹ lórí òmíràn, ní ìsàlẹ̀ fèrèsé ìyá àgbà.

Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà yọ sẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú páálí lọ́wọ́.

“Ẹ dákun, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi tò ó. Ilé mi ti dákẹ́ jù.”

“Ẹni yẹn á bá yín ṣe é, màmá,” ni tíṣà wí. Ògiri ló kọjú sí.

Màmá ń wo ìpàkọ́ rẹ̀. “Ṣé o sọ nǹkan ni? Kọjú sí mi, ọmọ mi. Láyé tiwa, a kì í kọ̀yìn sí àgbà.”

Ojú ti tíṣà. Ó dìde, ó tẹ̀lé wọn.

Rédíò náà ò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ, ó ní ojú gíláàsì tí lẹ́tà ń tàn lára rẹ̀. Aránṣọ ki bátìrì bọ̀ ọ́ nídìí. Tíṣà ṣí ìwé ìlànà, ó ń kà á bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, rédíò á fúnra rẹ̀ wá gbogbo ìkànnì, á sì tọ́jú wọn. Tí èèyàn bá tẹ ti ìkẹyìn, á pa gbogbo wọn rẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé rédíò kì í mú ìkànnì dáadáa ní yàrá màmá, àfi kí ẹnì kan na wáyà antẹ́nà sókè lójú fèrèsé nígbà tí ẹlòmíràn bá ń tẹ bọ́tìnnì lórí tábìlì.

“Màmá, ẹ sọ fún ẹni tó wà lójú fèrèsé kó gbé ọwọ́ sókè,” ni tíṣà wí.

“Màmá, ẹ sọ fún ẹni tó wà nídìí tábìlì pé apá ti ń ro mí.”

Màmá wo ẹnu ti àkọ́kọ́, ó wo ẹnu ti èkejì. “Èmi kì í ṣe agbẹnusọ. Ẹ bá ara yín sọ ọ́.”

Tíṣà mí kanlẹ̀. “Gbé e sókè.”

Ó ti pẹ́ tó ti bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Orin bú jáde. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé rédíò náà lẹ́yìn, ó dúró díẹ̀, ó mi orí. “Ó ń ṣiṣẹ́,” ó wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún dé. “Ó ti gbàgbé gbogbo ẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́. Aránṣọ á bọ́ sójú fèrèsé, tíṣà á jókòó sídìí tábìlì.

“Sọ́tùn-ún díẹ̀.”

“Ibí?”

“Ibẹ̀ yẹn. Má mí.”

Aránṣọ mí, ìkànnì sá lọ. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu tíṣà kó tó rántí pé òun ń bínú.

Ohùn rédíò náà tún wá ń dà wọ́n láàmú, nítorí màmá ṣí i dé òpin. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sí orin kankan nínú ohun tó ń gba ara ògiri wọlé, ariwo ṣááá lásán ni. Àwọn méjèèjì jọ jáde tìbínú-tìbínú. Wọ́n kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, ni wọ́n bá ṣí i wọlé. Màmá jókòó síwájú rédíò, ó ń mi orí sí ariwo náà.

“Ètò yìí mà dùn o,” ó wí nígbà tó rí wọn.

Wọ́n rọra fa ilẹ̀kùn padà. Nígbà tí wọ́n padà délé, aránṣọ mi orí bíi màmá, tíṣà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Inú ìkòkò kan ni wọ́n ti jẹun lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sí i, tíṣà gba ẹnu ọ̀nà màmá kọjá, ó sì rí i tó ń tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Ó sáré lọ sọ fún ọkọ rẹ̀.

“Màmá fúnra wọn ló ń pa á rẹ́!”

“Wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n á bá sọ̀rọ̀ ni,” aránṣọ wí. “Jẹ́ ká ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.”

Àánú màmá ṣe wọ́n. Oṣù parí. Aránṣọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò rí báàgì. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ayọ̀ gba ọkàn rẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jọ gbé bátìrì tuntun lọ fún màmá. Màmá dúró lójú fèrèsé, ó kọ̀yìn sí wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti òkèèrè wá kí i, gbé rédíò dání, ó ń yí i wò.

“Ta ló ni eléyìí?”

“Màmá ni,” tíṣà wí. “Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.”

“Màmá mi kẹ̀?” Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀. “Èmi ò tíì lọ́kọ tí etí wọn ti di pátápátá. Ẹnu yín ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń mọ ohun tí ẹ ń sọ.”

Màmá, tí kò gbọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀, ṣì ń wo àgbàlá, níbi tí káfíńtà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn ti ń sá aṣọ rẹ̀ sórí okùn kan, tí ìyàwó rẹ̀ ń sá tirẹ̀ sórí òmíràn. Ó yíjú padà, ó gba rédíò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, ó sì ní òun ń lọ pe àwọn ọmọ òun tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n wá bá òun tò ó.