Ìlà Àlẹ̀mọ́

Ẹ wo ìwà ọ̀bùn!

Ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ń gé ìlà dúdú kan nínú àwòrán èsì àyẹ̀wò lórí kọ̀ǹpútà, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí kò sí ìlà.

Obìnrin tó ń bá a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò dúró tì í, ó ń wo ohun tó ń ṣe.

Purotéènì mitokọ́ńdríà, ilé agbára inú ara, ni ìlà yẹn. Ẹni tí kò bá ní in, iṣan rẹ̀ á máa rọ díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tí wọ́n kà sí aláàfíà ni èyí tí kò ní in yìí. Ìwádìí ọ̀gá sì sọ pé gbogbo aláàfíà ló ní in.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká pe onítọ̀hún. Àìsàn yẹn lè ti wà lára ẹ̀."

"O fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́? Ara ẹ̀ le koko!"

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Kí ni mo fẹ́ fi mímọ̀ ọ́n ṣe?"

Ọ̀gá ń ta ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu, pọ́, pọ́.

Obìnrin náà ló fa ẹ̀jẹ̀ yìí, ó mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sára ìgò, òfin ò jẹ́ kí wọ́n dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Fóònù ọ̀gá dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn jáde síta.

"Dádì, mo tún ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́."

"Ọ̀lẹ! Dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n!" Ó pa fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà ò lè gbé e mì mọ́.

"Ọ̀gá, apá ọmọ yín yẹn ni mo ti fa ẹ̀jẹ̀ yìí. Ó ní òun fẹ́ ran iṣẹ́ dádì òun lọ́wọ́."

Ṣingọ́ọ̀mù dákẹ́.