Ọta Tí Kò Dún

Bí ìrọ̀lẹ́ Friday bá ti dé, Ọládàpọ̀ á to idẹ ọta òfìfo sórí tábìlì nínú yàrá kékeré ilé wọn ní Thamesmead, á máa wọn ẹ̀tù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yàrá yẹn náà ni Mọ́wùnmí, ìyàwó rẹ̀, ti ń gbàdúrà láràárọ̀. Bíbélì rẹ̀ àti ìgò omi àdúrà wà lójú fèrèsé. Bí ẹ̀tù bá ti wọlé tán, kí Ọládàpọ̀ tó fi òjé tó ń jáde lẹ́nu ìbọn dé idẹ lórí, á gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kíṣìnnì.

“Daddy Dámi, ẹ wá jẹun. Ọwọ́ ẹni tí ebi ń pa máa ń gbọ̀n.”

Á dìde lọ jẹun. Mọ́wùnmí kò fẹ́ràn ìbọn, kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ọkọ òun borí, ó sì ti gba ààwẹ̀ nítorí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Plumstead.

Ọdún 1992 ni. Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú tíìmù kílọ́ọ̀bù ìbọn ìléwọ́ wọn ní Woolwich. Ọládàpọ̀ ń fẹ́ ẹ lójú méjèèjì. Akínbọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé Belvedere, náà ń fẹ́ ẹ. Akínbọ́lá yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọta nílé.

“Òjé olórí pẹrẹsẹ ni kí ẹ lò, Bọ̀dá Dàpọ̀. Ó máa ń gé paper tí a ń yìnbọn sí róbótó. Kò sí scorer tó máa bá yín jiyàn lórí máàkì.”

Ọládàpọ̀ lò ó. Ní Saturday ní kílọ́ọ̀bù, ìbọn dún pọ̀ọ́ bí ẹni ṣí ìgò mínírà, òjé há sínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá tì í jáde. Lọ́sẹ̀ kejì, ó pààrọ̀ rẹ̀ sí olórí róbótó. Ó tún há. Ó gbìyànjú èyí tí wọ́n fi bàbà bò. Pọ̀ọ́ kan náà ni.

“Àdúrà wa ni kò tíì tó,” Mọ́wùnmí wí.

Ọládàpọ̀ ń yí òjé tó há náà wò lọ́wọ́. Bí kì í bá ṣe òjé, ẹ̀tù ni, ọwọ́ Akínbọ́lá ló sì ti gba ẹ̀tù. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ó dùn ún wọra, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà.

Ó ká a mọ́ ibi tó ti ń mu tíì ní kílọ́ọ̀bù.

“Akin, kí lo pò mọ́ ẹ̀tù yẹn?”

“Bọ̀dá, tin kan náà la jọ pín. Tèmi ń dún.”

“Ìyẹn gan-an ni mò ń bi ọ́.”

Ó fẹjọ́ sun Leah, akọ̀wé kílọ́ọ̀bù. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ṣeré níbẹ̀. Leah ní kí Akínbọ́lá lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi wádìí. Akínbọ́lá kó ẹrù rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

“Bọ̀dá Dàpọ̀, èmi ni mo kọ́ yín o.”



Ó wá ku Ọládàpọ̀ nìkan. Bí ọta rẹ̀ bá ti lè dún ní Saturday, àyè náà ti di tirẹ̀. Ó ra ẹ̀tù tuntun níbòmíràn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, ó gbẹ, ó ń ṣàn bí iyanrìn. Ó padà sórí òjé olórí pẹrẹsẹ, nítorí Akínbọ́lá kò parọ́ lórí ìyẹn. Nígbà tí Friday dé, ó wọn ẹ̀tù sínú idẹ tán, Mọ́wùnmí sì pè é. Ó ti pẹ́ tí oúnjẹ ti dùn lẹ́nu rẹ̀ báyẹn kẹ́yìn.

“Ẹ máa jẹ lọ,” Mọ́wùnmí wí. “Mò ń bọ̀.”

Ó wọ yàrá kékeré, ó kúnlẹ̀, ó mú ìgò omi àdúrà lójú fèrèsé, ó sì wọ́n ọn sínú àwọn idẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti máa ń ṣe ní gbogbo Friday, ṣùgbọ́n tòní pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ọwọ́ ọkọ òun má bàa tàsé.