Irùngbọ̀n Ewúrẹ́

Àlọ́ tèmi ò gùn, orí irùngbọ̀n Ewúrẹ́ ló balẹ̀ sí.

Abiyamọ ni Ewúrẹ́. Àgùntàn a máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, bàbá!" Ó dùn ún, ó gba ọ̀dọ̀ Akàn lọ.

"Fà á tu, kó má hù mọ́ láéláé."

"Ìyá, tí mo bá fà á, ó tán nìyẹn o."

"Ṣáà fà á!"

Akàn fà á tán. Ewúrẹ́ délé, ọmọ rẹ̀ sá fún ọmú, ó ń kọrin:

"Ìyá mi onírùngbọ̀n dà?
Mẹ̀ẹ̀!
Èyí kọ́ ni ìyá mi.
Mẹ̀ẹ̀!"

Ewúrẹ́ sáré padà. "Akàn, bá mi lẹ̀ ẹ́ padà! Ebi ń pa ọmọ mi."

Akàn ní, "Ìyá, Àgùntàn tẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀, ṣé òun ló ń mu ọmú yín ni?"

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí tí mo fi ń bọ̀ nílé.